Folic acid: Ìdí tí ó fi yẹ kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí lò ó kí ó tó lóyún

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn káàkiri àgbáyé ti fi ohùn ṣọ̀kan pé obìnrin tí ó bá ń lo èròjà folic acid kí ó tó lóyún lè dènà púpọ̀ nínú àwọn àbùkù tí ó máa ń bá ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ nínú oyún. Síbẹ̀, ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í fojú kan oògùn yìí títí di ọjọ́ tí wọ́n bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aláboyún, nígbà tí oyún ti tó oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní àkókò yẹn, folic acid ṣì wúlò fún ẹ̀jẹ̀ ìyá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn obìnrin tí ń gbé ní Chikaji gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àwọn tí ó wà ní ìlú mìíràn. Chikaji jẹ́ wọ́ọ̀dù kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Sabon Gari, ní ìlú Zaria, Ìpínlẹ̀ Kaduna, àwọn ilé iṣẹ́ ni a sì fi mọ àgbègbè náà jù lọ. Àwọn Hausa, Yorùbá, Ìgbò àti ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n jọ ń gbé Sabon Gari láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Zaria ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tàbí tí ó ń ta oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní irú àgbègbè bẹ́ẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìtọ́jú, nítorí pé Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Shika, lójú ọ̀nà Funtua. Folic acid fúnra rẹ̀ kò sì wọ́n rárá. Ohun tí ó máa ń jìnnà sí ọ̀pọ̀ obìnrin ni ìmọ̀ nípa ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ó.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 28 àkọ́kọ́

Nígbà tí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ọlẹ̀ kéré púpọ̀. Ibi tí yóò di ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà, etí rẹ̀ méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí ká sókè, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ká ẹní, títí wọn yóò fi pàdé ara wọn tí wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀pá tí ó ní ihò nínú. Apá òkè ọ̀pá náà ni yóò di ọpọlọ, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò sì di okùn tí ó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá. Iṣẹ́ kíká àti lílẹ̀ yìí ti máa ń parí ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ọmọ gbọ́dọ̀ máa pín sí méjì-méjì ní kíákíá kí iṣẹ́ náà tó lè parí lásìkò. Folic acid, tí àwọn kan mọ̀ sí Vitamin B9, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara nílò láti fi ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun. Bí èròjà yìí kò bá tó nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ní ọjọ́ mélòó kan wọ̀nyí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá náà má dé tán.

Bí kò bá dé ní apá òkè, agbárí ọmọ kò ní pé, apá púpọ̀ nínú ọpọlọ rẹ̀ kò sì ní hù. Anencephaly ni àwọn dókítà ń pe èyí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kú kí a tó bí i tàbí láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé apá ìsàlẹ̀ ni kò dé, ẹ̀yìn ọmọ yóò là sílẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú àpò kan tí ó yọ síta lójú ibẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní spina bifida. Ọmọ tí ó ní i lè yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má lágbára, ó sì lè ṣòro fún un láti mọ ìgbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ̀. Omi sì sábà máa ń kó sínú orí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí orí wọn yóò fi máa tóbi sí i.

Kókó ọ̀rọ̀ náà wà nínú kàlẹ́ńdà. Bí a bá mú àpẹẹrẹ obìnrin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní, tí nǹkan oṣù náà sì máa ń wá ní ọjọ́ 28 síra wọn, ó ṣeé ṣe kí ó lóyún ní nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣù náà. Ọjọ́ 29 oṣù kan náà ni yóò retí nǹkan oṣù tí kò ní wá. Nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti dé tàbí kí ó má dé mọ́. Ní ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni nǹkan oṣù obìnrin náà fi pẹ́. Ó lè má tíì sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì lè máa rò pé iṣẹ́ àṣekára ni ó fà á. Ìdí nìyí tí folic acid fi gbọ́dọ̀ ti wà nínú ara kí oyún tó dé.

Bí a ṣe mọ̀ nípa èròjà náà

Ní ọdún 1928, dókítà obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lucy Wills, lọ sí ìlú Bombay ní Íńdíà láti wádìí ohun tí ó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ tí ó le koko lára àwọn aláboyún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ híhun. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí oúnjẹ wọn kò dára tó ni àìsàn náà ń bá jà jù. Nígbà tí ó fún wọn ní Marmite, èyí tí a fi ìwúkàrà ṣe, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí yá. Ó tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1931. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1941, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà yọ èròjà náà jáde láti inú ẹ̀fọ́ spinach, wọ́n sì sọ ọ́ ní folic, orúkọ tí wọ́n mú láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ewé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó mọ̀ pé èròjà tí ó ń tún ẹ̀jẹ̀ ìyá ṣe náà ni ó ń dáàbò bo ẹ̀yìn ọmọ. Ní ọdún 1983, Àjọ Ìwádìí Ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ibùdó 33 ní orílẹ̀-èdè méje, pẹ̀lú àwọn obìnrin 1,817 tí wọ́n ti lóyún ọmọ tí ó ní irú àbùkù yìí rí. Ní 1991, wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí pé èsì rẹ̀ ti hàn kedere: folic acid dín àtúnṣẹlẹ̀ àbùkù náà kù ní ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tọ́ mọ́ kí wọ́n máa fi oògùn náà du apá kan nínú àwọn obìnrin náà.

Ìwádìí mìíràn tí a gbé jáde ní 1999 wá láti ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti tẹ̀lé oyún àwọn obìnrin tí ó lé ní 240,000. Àwọn tí wọ́n ń lo máíkrógíráàmù 400 lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọn kò tíì lóyún ni ewu náà dínkù fún jù. Ní apá àríwá ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí àbùkù yìí ti wọ́pọ̀ tẹ́lẹ̀, ó dínkù ní nǹkan bí ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tí wọ́n lò ó déédéé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Nàìjíríà

Àbùkù yìí kì í ṣe ohun àjèjì ní Nàìjíríà. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1992 láti ìlú Jos, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Zaria, fi hàn pé méje nínú ẹgbẹ̀rún kan ìbímọ ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é ni ó ní i. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Ilé-Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó náà ti kọ ìwé lórí àwọn ọmọ spina bifida tí wọ́n gbé wá sí ọ̀dọ̀ wọn. Káàkiri àgbáyé, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 260,000 oyún ni irú àbùkù yìí bá ní ọdún 2015.

Ohun kan tí ó tún ń fa ìdíwọ́ ni pé, ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, oògùn àwọn tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde ni a mọ folic acid sí. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń lò ó lójoojúmọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń tètè bàjẹ́, ara wọn sì ní láti máa ṣe òmíràn. Ṣùgbọ́n èyí lè mú kí obìnrin tí ara rẹ̀ le rò pé oògùn náà kò kan òun. Àwọn mìíràn sì gbà pé aláboyún nìkan ni ó wà fún, wọn kò sì ní bèèrè rẹ̀ títí oyún yóò fi hàn.

Ṣé oúnjẹ nìkan kò tó?

Folic acid tí Ọlọ́run fi sínú oúnjẹ ni a ń pè ní folate. Ó wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ tútù, ẹyin, ẹ̀dọ̀ ẹran àti ọsàn. Àwọn ará Zaria sì mọ zogale, èyí tí àwọn Yorùbá ń pè ní ewé ìgbálẹ̀ tàbí ewé máríńgà, dáadáa. Gbogbo oúnjẹ wọ̀nyí ni ó dára fún obìnrin tí ó fẹ́ bímọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé folate kì í fara da iná àti omi fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá bọ ẹ̀fọ́ tí a sì da omi rẹ̀ nù, apá púpọ̀ nínú èròjà náà ti bá omi lọ. Ara kì í sì í rí gbogbo èyí tí ó kù lò. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi gbà pé kí obìnrin máa lo hóró oògùn pẹ̀lú oúnjẹ tí ó dára, kí ó má gbójú lé oúnjẹ nìkan.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwọn tí ń jẹ tùwó àgbàdo mọ̀. Ní ọdún 1990 sí 1991, àwọn ọmọ tí kò ní ọpọlọ pọ̀ lójijì ní ààlà Texas àti Mẹ́síkò. Àwọn olùwádìí ṣàkíyèsí lẹ́yìn náà pé ó ṣeé ṣe kí májèlé kan tí ń jẹ́ fumonisin, tí ó máa ń wà nínú àgbàdo tí ó ti bu, ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé ó lè dí folate lọ́wọ́ láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ó dára kí a sá àgbàdo gbẹ dáadáa, kí a sì ṣa èyí tí ó bu kúrò kí a tó lọ̀ ọ́.

Ìwọ̀n tí ó yẹ

Ìmọ̀ràn WHO ni pé kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí lo máíkrógíráàmù 400, èyí tí í ṣe mílígíráàmù 0.4, lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ó bá ti ń gbìyànjú láti lóyún títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ó dára bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ó kéré tán, tàbí oṣù mẹ́ta, kí oyún tó dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, yóò máa bá a lọ pẹ̀lú oògùn irin tí ilé ìwòsàn bá fún un, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn mílígíráàmù 5 lójoojúmọ́, lábẹ́ àmójútó dókítà. Lára wọn ni obìnrin tí ó ti bí ọmọ tí ó ní àbùkù yìí rí, obìnrin tí ó ní àtọ̀gbẹ, àti èyí tí ó ń lo oògùn wárápá, pàápàá jù lọ valproate. Ẹni tí ó ń lo oògùn wárápá kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni kí ó lọ bá kí ó tó lóyún.

Hóró mílígíráàmù 5 yìí gan-an ni ó wọ́pọ̀ jù ní àwọn ilé ìtajà oògùn ní Nàìjíríà. Ó yẹ kí obìnrin ka ohun tí a kọ sí ara páálí rẹ̀, kí ó sì bi apoògùn tàbí nọ́ọ̀sì èyí tí ó bá a mu. Ìdí kan tí ó fi ṣe pàtàkì ni oògùn ibà. Àwọn aláboyún máa ń gba oògùn sulfadoxine-pyrimethamine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fansidar, láti dènà ibà láti ìgbà tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin. WHO kìlọ̀ pé folic acid tí ó bá tó mílígíráàmù 5 lójúmọ́ lè sọ oògùn ibà yìí di aláìlágbára. Mílígíráàmù 0.4 kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, aláboyún ní láti mú gbogbo oògùn tí ó ń lò lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Aláboyún tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde kò gbọdọ̀ yí oògùn rẹ̀ padà láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Fífi èròjà náà sínú ìyẹ̀fun

Ọ̀pọ̀ oyún ni kì í ní ètò ṣáájú. Èyí ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè kan pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa fi folic acid sínú ìyẹ̀fun, kí gbogbo ènìyàn lè máa jẹ ẹ́ láìmọ̀. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ìṣirò àwọn aláṣẹ ìlera níbẹ̀ sì ni pé nǹkan bí 1,300 ọmọ lọ́dọọdún ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ àbùkù náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2024, ó sì fún àwọn ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun di ìparí ọdún 2026. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ìpàdé àgbà WHO rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti tẹ̀lé irú ọ̀nà yìí.

Nàìjíríà ti sọ ọ́ di dandan láti 2002 pé kí Vitamin A wà nínú ìyẹ̀fun, epo ìsebẹ̀ àti ṣúgà. Folic acid àti irin náà wà lára àwọn èròjà tí ìlànà ìyẹ̀fun àlìkámà béèrè, àjọ NAFDAC àti SON ni wọ́n sì ń mójú tó o. Búrẹ́dì lè ran ènìyàn lọ́wọ́ bí ilé iṣẹ́ bá pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ní Zaria ni ó ń jẹ àgbàdo, ọkà bàbà tàbí jéró tí wọ́n lọ̀ ní ẹ̀rọ àdúgbò, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi nǹkan kan kún un. Nítorí náà, hóró oògùn ṣì ni ọ̀nà tí ó dájú jù fún wọn.

Bí ọmọ bá ti dé pẹ̀lú àbùkù

Kò yẹ kí a di ẹ̀bi ru ìyá ọmọ. Folic acid ń dín ewu kù púpọ̀, kò lè mú un kúrò pátápátá. Àwọn obìnrin kan lò ó bí ó ti yẹ tí àbùkù náà sì ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Ẹni òòṣà ni àwọn baba ńlá Yorùbá ń pe ẹni tí a bí pẹ̀lú àbùkù ara, wọ́n sì kà á léèwọ̀ láti fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí ó tọ́ ni kí a tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí oníṣẹ́ abẹ wà. Kí a fi aṣọ mímọ́ tí a fi omi iyọ̀ ilé ìwòsàn rin bo ojú ibi tí ó là ní ẹ̀yìn, kí a má sì fi àgbo, epo tàbí lẹ́ẹ̀bù sí i. Ó dára kí iṣẹ́ abẹ náà wáyé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí kòkòrò àrùn má bàa wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí omi bá ń kó sí orí, iṣẹ́ abẹ wà tí ó lè máa darí rẹ̀ jáde. Kí ìyá náà sì rántí pé mílígíráàmù 5 ni ìwọ̀n tirẹ̀ kí ó tó lóyún mìíràn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń múra ìgbéyàwó, abiyamọ tí ó ń ronú láti já ọmọ lẹ́nu ọmú kí ó tún lóyún, àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìfètò-sọ́mọ-bíbí dúró, gbogbo wọn ni ó yẹ kí wọ́n ti máa bèèrè folic acid lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó sì yẹ kí àwọn ọkọ mọ̀ nípa rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé nígbà tí ìyàwó bá fi máa sọ fún wọn pé òun lóyún, ọjọ́ 28 náà lè ti kọjá.